Ẹ Bi Oníkẹ̀kẹ́: Wo Abẹ́ Férémù Kí O Tó Wo Ọ̀dà

Ẹ kú oṣù tuntun o. Ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn dá lé: kẹ̀kẹ́ ológeere oní-gíà, oní-táyà gbàǹgbà, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní mountain bike, pàápàá àwọn onírin àtijọ́ tó ń bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé. Mo ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ẹni tó kọ̀wé nípa kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, kó ní sùúrù dìgbà mìíràn. Irin la ń bá ṣe lónìí.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí férémù kan ní Ògùnpa. Wọ́n lẹ ìwé Tange mọ́ ọn, wọ́n kọ Cro-Mo sí i, ọ̀dà rẹ̀ sì ń dán. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ni ẹni tó ń tà á pè é: kò sí ẹsẹ̀, kò sí ìjókòó, férémù àti fọ́ọ̀kì nìkan. Ó ní ó ti lé ní ogójì ọdún. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni, àti pé kì í ṣe wàhálà ni mo fẹ́ fowó rà?* — Ọmọ Àkọ́bọ̀

Àbúrò, ọ̀dà tó ń dán yẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Férémù tó ti lé ní ogójì ọdún, tó sì ń dán, ẹnìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kó rẹwà ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó ní ohun tó fẹ́ bò.

Ti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Tange kì í ṣe orúkọ kékeré. Ilé-iṣẹ́ ọ̀pá irin ni wọ́n ní Jàpáánì, bí Reynolds ṣe jẹ́ ní Birmingham, àwọn tó gbé ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní 531 jáde ní 1935. Cro-Mo jẹ́ irin tí wọ́n po chromium, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àti molybdenum tí kò tó bẹ́ẹ̀, mọ́. Ó le ju irin kẹ̀kẹ́ lásán lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ṣe ọ̀pá rẹ̀ ní fẹ́lẹ́: ó lè nípọn tó 0.9 mm létí méjèèjì níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, kó jẹ́ 0.6 mm péré láàárín. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé í jẹ́. Àwọn atẹ̀wé Mọ́kọ́lá á tẹ èyí tó bá wù ọ́ kí o tó jẹ ẹ̀kọ tán. Kódà bí ìwé náà bá jẹ́ ojúlówó, kà á dáadáa: ó lè jẹ́ pé ọ̀pá mẹ́ta iwájú nìkan ló ń jẹ́rìí fún, kí àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ irin lásán.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù wà ní ihò ìjókòó. Ní kí ó bá ọ yọ ọ̀pá ìjókòó jáde, kí o ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ férémù irin, ọ̀pá tí èyí ń wọnú rẹ̀ máa ń jẹ́ 28.6 mm tí a bá wọ̀n ọ́n lóde. Bí o bá rí 27.2 tàbí 26.8, a jẹ́ pé ara ọ̀pá náà fẹ́lẹ́, irin gidi nìyẹn. Bí o bá rí 25.4, ara rẹ̀ ki tó 1.6 mm: irin olówó pọ́ọ́kú ni, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá sì sọ pé ọ̀pá ìjókòó kò ṣeé yọ, ka ìdáhùn tí mo fún Màmá Olùkọ́ nísàlẹ̀ kí o tó dá a lóhùn.

Ọjọ́ orí rẹ̀ náà kò ṣòroó mọ̀. Ní agbègbè Marin ní California ni eré kẹ̀kẹ́ orí òkè yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ já òkè Tamalpais bọ̀. Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, ló kan férémù tí a dìídì ṣe fún eré náà ní 1977. Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde, kẹ̀kẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà, Jàpáánì ni wọ́n sì ti ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé tirẹ̀ ti wà láti 1970, bá a rẹ́rìn-ín kí o máa lọ. Wo òkè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn: ṣé ibì kan wà tí wáyà bíréèkì ti ń dúró? Ti ayé bíréèkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní cantilever nìyẹn, kí ilé-iṣẹ́ Shimano tó gbé irú bíréèkì tí wọ́n ń pè ní V-brake jáde ní 1996. Wọn àlàfo tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀ láti inú dé inú. Ti àwọn àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ 126 tàbí 130 mm. Láti nǹkan bí 1990 ni 135 mm ti di àṣà. Bí ó bá jẹ́ 135, ó dára fún ọ, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n má gbà fún un pé ó lé ní ogójì ọdún.

Ó tún ku èyí tó ṣe pàtàkì jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í wò ó nítorí pé ó ń fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀. Fi ìka rẹ sí abẹ́ ọ̀pá tó dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti ọrùn (ibi tí fọ́ọ̀kì ti ń wọ férémù), níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ọrùn gan-an, kí o rọra fà á lọ sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Bí o bá gbọ́ pé ó wú díẹ̀, tàbí pé irin rẹ̀ hunjọ, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí. Gbé e sílẹ̀, kí o kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀. Ọ̀dà lè bo ìpẹtà, kò lè bo ìyẹn lójú ìka.

Lẹ́yìn náà, dojú férémù dé. Wo àwọn ọ̀pá méjì tó lọ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì, pàápàá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ihò kíráǹkì, torí ibẹ̀ lomi máa ń dúró sí. Fi owó wẹ́wẹ́ kàn án káàkiri. Ìró rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn gaara. Níbi tó bá ti dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀, inú rẹ̀ ti ń jẹ. Mú òwú tínrín dání. So ó mọ́ etí ẹ̀yìn apá ọ̀tún, níbi tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ti ń wọ̀, yí i gba iwájú ọrùn, kí o fà á dé etí ẹ̀yìn apá òsì kó le dáadáa. Wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti ọ̀pá férémù tí ìjókòó ń wọ̀, lọ́tùn-ún lósì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, férémù gún. Bí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ mílímítà kan tàbí méjì, a lè fà á bọ̀ sípò. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kí owó náà wà lápò rẹ.

Tó bá yege nínú gbogbo èyí, gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ kí o dúró, torí férémù tí kò bá gígùn itan rẹ mu kò wúlò fún ọ bí wọ́n tilẹ̀ fi wúrà ṣe é. Kí o tó wá ná an. Kò sẹ́ni tó ń san iye tí ará Ògùnpa bá kọ́kọ́ pè.

*Ẹ̀yin Oníkẹ̀kẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi fi kẹ̀kẹ́ irin kan sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà sí Kánádà. Ìjókòó rẹ̀ ga jù mí lọ, kò sì lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti fà á títí. Ṣé kí n ní kí wọ́n gé e ni?* — Màmá Olùkọ́, Òjóò

Màmá, ẹ kú àmójútó. Ẹ má gé e. Àbí kí n ní, ẹ má tíì gé e.

Alumíníọ̀mù ni ọ̀pá ìjókòó, irin sì ni férémù. Tí omi àti òógùn bá wọ àárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù á máa jẹ, á máa yọ ìyẹ̀fun funfun tó ń fún ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ohun tó fi gan nìyẹn. Ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin yẹn kò rọ.

Ẹ ní kí wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí wọ́n tú kíráǹkì kúrò, kí wọ́n sì da epo tí àwọn mẹkáníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì tó gan láti ihò yẹn sínú ọ̀pá férémù tí ọ̀pá ìjókòó há sí. Ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀, kí wọ́n tún dà á lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Ẹni tó bá ní òun máa fi iná sí i, ẹ dá a dúró ná. Bí a bá gbé alumíníọ̀mù gbóná, wíwú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti irin, ńṣe ni yóò túbọ̀ há. Yìnyín ló yẹ ẹ́. Bí ihò ọ̀pá ìjókòó bá là lókè, ẹ rún yìnyín kún un, kó sún kì, kí wọ́n tó yí i. Kí wọ́n má fà á sókè o, yíyí ni kí wọ́n yí i. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n fi fáìsì ńlá di orí ọ̀pá ìjókòó mú, kí ẹni méjì di férémù mú lọ́wọ́ kan lẹ́sẹ̀ kan, kí wọ́n fi férémù fúnra rẹ̀ yí i díẹ̀díẹ̀ lọ síwá, lọ sẹ́yìn. Orí ọ̀pá ìjókòó lè bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́, òun ló rọrùn rà.

Tó bá kọ̀, ìgbà yẹn ni ká tó gé. Kí wọ́n gé e kó ku bí ìka méjì lókè, kí wọ́n ti bíléèdì ayùn irin bọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi rẹ́ ẹ láti inú wá sóde, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ojú méjì. Kí wọ́n dúró nígbà tí alumíníọ̀mù bá tán, kí ayùn má jẹ irin. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ̀mú ṣẹ́ ẹ wọnú. Ó máa ń gba ọ̀sán gbáko, ó sì ń dunni léjìká.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ da sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ sí i. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ alumíníọ̀mù, kì í sì í jẹ irin. Ṣùgbọ́n ó ń bó ọ̀dà, ó ń tú gáàsì tí iná lè mú, bó bá sì ta sójú, ojú lè lọ. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é nínú ilé tí ọmọdé wà.

Nígbà tí ẹ bá fi tuntun sí i, ẹ fi gíríìsì pa á yí ká. Lọ́dọọdún, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un pa.

*Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgbọ̀wó. Ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ yọ ife irin tó wà ní ihò kíráǹkì. Ti òsì ti jáde. Ti ọ̀tún kọ̀, ó sì ti fi irin ṣóńṣó àti òòlù lù ú títí tí etí rẹ̀ fi ń fọ́.*

Gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá! Ti apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdì ni wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ yìí. Bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ la fi ń tú u. Gbogbo òòlù tí ó ti lù látàárọ̀, ńṣe ló ń fún un le. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí pẹ́dà má baà máa tú u fúnra rẹ̀ bí o bá ń wà á. Àfi tí o bá wọn ihò náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 70 mm, ti Ítálì nìyẹn, ọ̀nà kan náà ni tọ̀tún-tòsì rẹ̀ ń gbà tú. Tìrẹ á jẹ́ 68 tàbí 73. Wá irinṣẹ́ tí eyín rẹ̀ bá ti ife náà mu, má gba sípánà lásán. Tírẹ́ẹ̀dì ihò yẹn, ara férémù ni. Bó bá bàjẹ́, ìnáwó ńlá ni.

*Férémù mi sán létí ẹ̀yìn, níbi tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ti ń wọ̀. Wẹ́dà àdúgbò ní òun á jó o ní ìṣẹ́jú márùn-ún.* — Oníbàárà, Mọ̀níyà

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wẹ́dà tó ń fi iná mànàmáná jó géètì, irin tó ki lọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀pá tó jẹ́ 0.6 mm, á jó o lu ni. Wá àwọn tó ń lo gáàsì, lọ́dọ̀ àwọn pánẹ́lì bítà, kí wọ́n fi bíráàsì lẹ̀ ẹ́. Bíráàsì ń yọ́ kí irin tó yọ́, kì í pa irin náà lára púpọ̀, etí ẹ̀yìn sì nípọn tó láti gbà á. Bó bá jẹ́ ìdí ọrùn ló ti sán ni, mi ò bá ní kí o fi kọ́ ògiri.

*Ìyàwó mi ní owó tí mo ti ná lórí férémù àtijọ́ yìí, ó tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun méjì.* — Baálé ilé, Òkè-Àdó

Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè wo lẹ wá ní?

*Ẹ ṣé o Bàbá. Mo fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ mi padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun. Ẹnìkan tó ń fín mọ́tò ní Ìwó Road ní kí n gbé e wá, òun á fi ẹ̀rọ lọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò, òun á sì fín in lọ́jọ́ kan náà. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?* — Ọmọbìnrin Bódìjà

Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ná: ṣé o dìídì fẹ́ fín in ni? Bí ọ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ṣeé kà, kódà kó ti họ káàkiri, èmi kì í fọwọ́ kan án. Fọ̀ ọ́, fi pọ́líìṣì mọ́tò nù ún, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ojú ibi tó họ. Èyí tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ fín, ẹ̀ẹ̀kan ni férémù ń ní i.

Bó bá jẹ́ pé ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó yá, fín in. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rọ ìlọrin níbẹ̀ o! Mo ti sọ bí ọ̀pá yẹn ṣe fẹ́lẹ́ tó. Pánẹ́lì mọ́tò lè fara da a torí pé wọ́n á fi pọ́tì dí i. Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ pọ́tì. Fi oògùn tó ń bó ọ̀dà kùn ún, fi sáńdípépà parí rẹ̀. Níbi tí ìpẹtà bá ti di ojú kéékèèké, rẹ aṣọ sínú fínégà funfun, wé e mọ́ ọn di ọjọ́ kejì, fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Fi omi ṣan án, gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ́ lo omi bátìrì: yàtọ̀ sí pé ó ń jóni, ó lè sọ irin líle di ohun tó ń ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó fín in, dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti ọrùn, ti ìjókòó, ti kíráǹkì. Fi téèpù dí wọn fúnra rẹ, má dúró de ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ afínmọ́tò ti ń da kẹ̀kẹ́ rú, torí pé ọ̀dà tó bá wọ tírẹ́ẹ̀dì, nǹkan kan ò ní lè wọlé mọ́. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fín, kó gbẹ dáadáa, kí ọ̀dà gangan tó tẹ̀ lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọjọ́ kan náà kọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni yóò mú kó funfun. Tí wọn ò bá ní yàrá tó ṣeé tì, yan ọjọ́ tí oòrùn mú níwọ̀nba, kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku tó sọ.

Nígbà tó bá gbẹ tán, má tíì di nǹkan kan mọ́ ọn. Da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tó mọ́ sínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, máa yí férémù káàkiri títí tó fi kan gbogbo inú rẹ̀, kí o gbé e kọ́ kí èyí tó kù kán jáde. Wò ó bóyá ihò kékeré wà nísàlẹ̀ ihò kíráǹkì tí omi ń gbà jáde. Bí ọ̀dà bá ti dí i, lu ú padà. Inú ni férémù Ìbàdàn ti ń kú.

*Mo ra táyà 26, ó sì wà lára rẹ̀ pé 26 ni, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi náà 26 ni. Kò wọ̀! Ó fẹ̀ jù ú.* — Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Kì í ṣe 26 kan ṣoṣo ló wà láyé. Ti kẹ̀kẹ́ oní-gíà tìrẹ, wọ́n sábà máa ń fi ojúàmì kọ ọ́, bíi 26 × 1.95, etí rímù rẹ̀ sì jẹ́ 559 mm. Èyí tí wọ́n bá fi ìdá kọ, bíi 26 × 1⅜, ti 590 mm ni. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 31 mm. Kò sí bí o ṣe máa fà á tó máa dọ́gba. Kẹ̀kẹ́ ńlá àwọn bàbá wa, 28 × 1½, tún yàtọ̀ pátápátá: 635 ni.

Má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ gàdàgbà. Wo èyí tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó rí báyìí: 50-559. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìkejì ni ti rímù. Bí o bá fẹ́ rà, 559 ni kí o béèrè, bí ọlọ́jà bá wojú rẹ, yí táyà náà kí o fi hàn án. Ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, bí wọn ò bá gbà á padà, wá ẹni tó ṣì ń gun Raleigh oní-26 × 1⅜. Wọ́n ṣì wà ní ìgboro, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí táyà rà.